Bẹ́ẹ ṣe máa wọn ọ́síjìn inú omi Odò Ọ̀ṣun àti BOD ẹ̀, tí nọ́ńbà yín ò fi ní dà rú

Ọmọ project kan gbé ìwé ẹ̀ wá bá mi, ó ní ọ́síjìn inú omi tóun bù lábẹ́ afárá Gbódọ̀fọ́n jẹ́ 11.4 mg/L, mo bi í pé báwo lomi ọ̀hún ṣe gbóná tó, ó ní 28°C. Mo ní kó jókòó. Omi tó wà ní 28°C, tí kì í ṣe pé ewéko inú omi kún inú ẹ̀ tí oòrùn ń pa á, ò lè gba ọ́síjìn tó 8 mg/L dúró látinú afẹ́fẹ́ Òṣogbo níbí, ká má tíì wá sọ 11. Ẹlòmíì á ní BOD tòun (ìyẹn ọ́síjìn tí kòkòrò àìfojúrí lò láàárín ọjọ́ márùn-ún láti fi jẹ ìdọ̀tí inú omi) kéré ju òdo lọ, ìyẹn náà ò lè rí bẹ́ẹ̀. Bùrẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi, wọ́n á titrate (ìyẹn kí wọ́n máa kán kẹ́míkà látinú bùrẹ́ẹ̀tì títí àwọ̀ omi á fi yí padà) lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin, nígbà tó jẹ́ pé etí odò lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kí wọ́n tiẹ̀ tó wọ máàrúwá padà sí lábù.

Ìlànà Winkler, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi kẹ́míkà wọn ọ́síjìn inú omi, èyí tó ní azide nínú, ni mo fẹ́ tò síbí, torí kẹ́míkà ẹ̀ ò ṣòroó rí bíi mítà, mítà tí wọn ò bá sì tíì calibrate, irọ́ ló máa pa fún yín. Ẹ kà á tán kẹ́ẹ tó fọwọ́ kan ìgò kankan.

Ohun tẹ́ẹ máa kó jọ ná

Ìgò BOD 300 mL mẹ́wàá, ó kéré tán. Ìgò yẹn gbọ́dọ̀ ní ìdérí gíláàsì tiẹ̀, kí nọ́ńbà ara ìgò àti tara ìdérí bára mu, torí ìdérí ìgò kan kì í fi bẹ́ẹ̀ dé òmíì dáadáa, ibi tí ò bá sì dé ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Pìpẹ́ẹ̀tì 2 mL mẹ́ta, kẹ́ẹ lẹ orúkọ mọ́ ọn lára, ọ̀kan fún kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan, ẹ má pààrọ̀ wọn láéláé. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa pìpẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé àwọn kan ṣì ń fi ẹnu fà á, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bá wọn ṣe é, azide lè pa èèyàn. Ìbọ̀wọ́, awò tí wọ́n fi ń dáàbò bo ojú, bàtà òjò, tẹmómítà, rọ́bà tín-ín-rín tó gùn tó mítà kan, kúlà pẹ̀lú yìnyín, fóìlì, àti pẹ́ńsùlù, torí bírò á ṣàn tómi bá kàn án.

Kẹ́míkà wá nìyí. Manganese sulphate, 364 g irú èyí tó ní omi kan lára, MnSO₄·H₂O, nínú lítà kan. Ìkejì ni àpòpọ̀ alkali-iodide-azide: 500 g sodium hydroxide àti 150 g potassium iodide nínú omi tí gbogbo ẹ̀ máa di lítà kan, lẹ́yìn náà ẹ da 10 g sodium azide tẹ́ẹ ti yọ́ sínú 40 mL omi mọ́ ọn. Sodium hydroxide yẹn máa ń gbóná gan-an tó bá kan omi, díẹ̀díẹ̀ lẹ máa dà á, ẹ gbé ike tàbí bíkà náà sínú omi tútù. Ìkẹta, sulphuric acid tí wọn ò là, ìyẹn tí wọn ò bu omi mọ́. Ìkẹrin, sodium thiosulphate. Ìkarùn-ún, sítáàṣì. Potassium iodate díẹ̀ náà, ìyẹn lẹ máa fi yẹ thiosulphate wò.

Ìkìlọ̀ kan tí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fò: ẹ má da ásíìdì sínú ìgò azide fúnra ẹ̀ láéláé, gáàsì tó máa jáde níbẹ̀ lóró gidi. Ẹ má sì da azide sínú síńkì, torí tó bá pẹ́ nínú páìpù kọ́pà tàbí òjé, ó lè di nǹkan tó ń bú gbàmù.

1. Thiosulphate àti sítáàṣì

Ẹ wọn 6.205 g sodium thiosulphate tó ní omi márùn-ún lára, ẹ yọ́ ọ sínú omi distilled tẹ́ẹ ti sè tẹ́ẹ sì ti jẹ́ kó tutù, ẹ fi 0.4 g sodium hydroxide sí i kó má bàa tètè bàjẹ́, ẹ wá fi omi kún un dé lítà kan. Ìyẹn ló ń jẹ́ 0.025 M (M yẹn ló ń sọ bí kẹ́míkà ṣe pọ̀ tó nínú lítà kan). Inú ìgò dúdú ni kẹ́ẹ tọ́jú ẹ̀ sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí o: wọ́n á kọ 0.025 M sára ìgò, wọ́n á sì gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì. Thiosulphate kì í dúró sójú kan, kòkòrò àìfojúrí ń jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ ń bà á jẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ tẹ́ẹ fẹ́ lò ó gan-an. Ẹ gbẹ potassium iodate nínú oven, ẹ wọn 0.892 g, ẹ yọ́ ọ sínú lítà kan. Ẹ fa 20 mL ẹ̀ sínú conical flask, ẹ fi potassium iodide bíi 2 g sí i pẹ̀lú omi bíi 100 mL àti ìkán ásíìdì díẹ̀, ó máa pọ́n lójú ẹsẹ̀, ẹ titrate ẹ̀ kíá. Tí thiosulphate yín bá pé, 20 mL náà ló máa gbà. Tó bá gba 20.6 mL, ẹ má dà á nù, ẹ kàn ṣírò ẹ̀: 0.025 lọ́nà 20, ẹ fi 20.6 pín in, 0.0243 M nìyẹn, nọ́ńbà yẹn gan-an lẹ máa lò títí iṣẹ́ fi máa parí.

Sítáàṣì ò le. Gbogbo ẹni tó bá ti po ẹ̀kọ mímu rí ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ fi omi tútù díẹ̀ po 2 g ẹ̀ ná kó má baà ní kókó, ẹ wá da omi híhó lé e títí tó fi máa pé 100 mL, ẹ rò ó. Tó bá ti pẹ́ nílẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ máa ń pọ́n dípò kó dúdú bí aró, òmíì ni kẹ́ẹ pò.

Àyẹ̀wò: ẹ titrate iodate yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá wà láàárín 0.1 mL síra wọn, ẹ ò tíì lè lọ sódò.

2. Etí odò, ibi tí gbogbo ẹ̀ wà

Ẹ má dá lọ. Nígbà òjò, Ọ̀ṣun máa ń kún, ó máa ń sáré, kò sì sí project tó yẹ kéèyàn tìtorí ẹ̀ bómi lọ. Ẹ wọ bàtà òjò yín, àtọ̀sí ajá ṣì wà nínú odò wa. Tó bá jẹ́ inú Igbó Ọ̀ṣun lẹ fẹ́ ti bu omi, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó o kẹ́ẹ tó gbé kúlà wọbẹ̀, láti 2005 ni UNESCO ti kà á mọ́ ogún àgbáyé, ibi ìjọsìn sì ni fáwọn tó ni ín. Tó bá sì bọ́ sí ìgbà ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, torí èrò tó pọ̀ létí odò máa ń yí omi padà.

Ẹ kọ aago náà sílẹ̀. Omi kan náà tẹ́ẹ bù láago mẹ́fà àárọ̀ àti láago mẹ́ta ọ̀sán ò lè ní ọ́síjìn kan náà, torí ewéko inú omi ń ṣe ọ́síjìn tí oòrùn bá wà, tó bá di òru gbogbo ohun abẹ̀mí inú odò á máa lò ó láìsí ẹni tó ń dá a padà, ìdájí ló máa ń kéré jù. Tẹ́ẹ bá bu ti Gbódọ̀fọ́n láàárọ̀ tẹ́ẹ wá bu tibi odò ẹran lọ́sàn-án, ẹ ò tíì fi ibì kan wé ibì kan, aago lẹ fi wéra.

Ẹ má fi garawa fa omi látorí afárá kẹ́ẹ wá rọ ọ́ sínú ìgò. Ohun tó bí 11.4 yẹn nìyẹn. Omi tó ń já bọ́ gbàà-gbàà sínú ìgò ń kó afẹ́fẹ́ róbótó wọlé ni, kẹ́míkà yín á sì ka ọ́síjìn inú ìyẹn mọ́ tomi. Bẹ́ẹ ṣe máa ṣe é ni pé, kẹ́ẹ kọjú síbi tómi ti ń ṣàn bọ̀, kí ẹsẹ̀ yín wà lẹ́yìn ìgò kó má baà rú amọ̀ sínú ẹ̀, ẹ ri ìgò náà sínú omi kẹ́ẹ fi rọra dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, kómi wọ inú ẹ̀ jẹ́jẹ́ láìpariwo. Tó bá kún, ẹ dé e nínú omi níbẹ̀. Tó bá jẹ́ látinú ìgò ńlá lẹ ti fẹ́ gbà á, ẹ ki rọ́bà tín-ín-rín yẹn dé ìsàlẹ̀ ìgò BOD, kómi máa kún látìsàlẹ̀ wá sókè, kó sì ṣàn dànù tó ìgò méjì tàbí mẹ́ta kẹ́ẹ tó yọ rọ́bà. Ẹ yí ìgò sọ́tùn-ún sósì, ẹ wò ó dáadáa. Tẹ́ẹ bá rí afẹ́fẹ́ róbótó kan ṣoṣo, kódà kó má ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ẹ dà á nù kẹ́ẹ bu òmíì.

Ẹ wọn bómi ṣe gbóná tó nínú odò fúnra ẹ̀, ẹ má wọ̀n ọ́n nínú lábù.

Ẹ wá so ọ́síjìn yẹn mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ẹ tó kúrò. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ fa 2 mL manganese sulphate, ẹ ki ẹnu pìpẹ́ẹ̀tì bọ abẹ́ omi díẹ̀ kẹ́ẹ tó tú u sílẹ̀, ẹ ṣe 2 mL alkali-iodide-azide bákan náà. Omi díẹ̀ máa ṣàn dànù, kò léwu fún nọ́ńbà yín, a máa dá a padà nínú ìṣírò. Ẹ dé e láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ kẹ́ẹ tún gbé e dúró bíi ìgbà 15. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kan máa yọ nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì ìgò, ẹ tún mì ín lẹ́ẹ̀kejì, ẹ tún jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀.

Àyẹ̀wò: tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà bá pọ́n-dúdú bí àmàlà, ọ́síjìn wà. Tó bá funfun bí ẹ̀kọ, omi yẹn ò ní ọ́síjìn rárá, ẹ kọ òdo sílẹ̀. Omi gọ́tà ọjà lè rí bẹ́ẹ̀, tódò tó ń ṣàn ò sábà rí bẹ́ẹ̀, tẹ́ẹ bá rí i níbẹ̀ kẹ́ẹ yẹ kẹ́míkà yín wò ná.

Tẹ́ẹ bá ti dé ibí yìí, ẹ lè gbé ìgò náà sínú kúlà kí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣókùnkùn, kẹ́ẹ sì titrate ẹ̀ kí wákàtí 8 tó pé. Ẹni tó bá gbé omi lásán láti Gbódọ̀fọ́n lọ sí lábù kó tó fi kẹ́míkà sí i, ohun tó wọ̀n kọ́ ló wà nínú odò.

Ọ̀rọ̀ kan nípa omi tó pọ́n. Látìgbà tí wọ́n ti ń wa góòlù lápá Iléṣà lókè odò, omi Ọ̀ṣun máa ń rú fún amọ̀, amọ̀ yẹn sì lè gbá ayódíìnì mọ́ra kó mú kí nọ́ńbà yín kéré. Tómi bá rú púpọ̀, ẹ kún ìgò lítà kan láìsí afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀, ẹ fi 10 mL álọ́ọ̀mù tẹ́ẹ yọ́, 100 g nínú lítà, sí i, pẹ̀lú 1 sí 2 mL ammonia tí wọn ò là, ẹ rọra dojú ẹ̀ délẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ jẹ́ kó tòrò fún ìṣẹ́jú 10, ẹ wá fi rọ́bà fa èyí tó mọ́ lókè sínú ìgò BOD, kó ṣàn dànù bí mo ṣe sọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ìyá wa náà ń fi álọ́ọ̀mù mú kómi kànga tòrò. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀yin ò gbọdọ̀ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kàn án.

3. Ásíìdì àti titration

Ẹ ṣí fèrèsé tàbí kẹ́ẹ lo fume cupboard. Ẹ rọra jẹ́ kí 2 mL sulphuric acid ṣàn wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ìgò, ẹ dé e, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn fi máa yọ́ tán. Ó máa di omi pupa rẹ́súrẹ́sú tó mọ́ gaara, ayódíìnì nìyẹn, bí ọ́síjìn bá ṣe pọ̀ tó lòun náà ṣe máa pọ̀ tó.

Ẹ wọn 203 mL sínú flask. Kí ló dé tí kì í ṣe 200? Torí 4 mL kẹ́míkà yẹn ti ti 4 mL omi odò jáde, 203 mL inú ìgò báyìí ló ṣojú 200 mL omi odò gidi. Tó bá jẹ́ 1 mL, 1 mL lẹ fi sí i, 201 mL lẹ máa wọ̀n.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í titrate. Ẹ má fi sítáàṣì sí i níbẹ̀rẹ̀! Sítáàṣì tó bá bá ayódíìnì púpọ̀ pàdé máa dì í mú, kò ní tètè tú u sílẹ̀ mọ́, ẹ̀yin á máa rò pé kò tíì tó, ẹ máa kọjá ibi tó yẹ kẹ́ẹ dúró. Ẹ dúró títí àwọ̀ ẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi koríko gbígbẹ, kẹ́ẹ tó fi sítáàṣì 1 tàbí 2 mL, ó máa dúdú bí aró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ wá máa kán an lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan títí àwọ̀ náà á fi lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá lọ ni kẹ́ẹ ka bùrẹ́ẹ̀tì. Tó bá yá, àwọ̀ aró yẹn lè padà wá, kẹ́ẹ má dá a lóhùn.

Tí thiosulphate bá jẹ́ 0.025 M gan-an, mL kan dọ́gba pẹ̀lú 1 mg/L. Pẹ̀lú 0.0243 M tá a rí níṣàájú, tẹ́ẹ bá lo 6.4 mL, ẹ sọ 6.4 di púpọ̀ lọ́nà 0.0243, ẹ fi 0.025 pín in, 6.2 mg/L nìyẹn.

Àyẹ̀wò méjì ló wà níbí. Àkọ́kọ́, ìgò méjì tẹ́ẹ bù lójú kan náà ò gbọdọ̀ fi ju 0.2 mg/L lọ síra wọn. Ìkejì, ẹ fi wé ibi tómi lè gba ọ́síjìn dé. Létí òkun, omi tí ò ní iyọ̀ máa ń gba 9.09 mg/L ní 20°C, 8.26 ní 25°C, 7.83 ní 28°C, 7.56 ní 30°C. Òṣogbo fi ohun tó lé ní 300 mítà ga ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ wa fúyẹ́ díẹ̀, ẹ yọ nǹkan bíi 4% kúrò, ó di bíi 7.5 ní 28°C. Nọ́ńbà 9 tí gbogbo èèyàn há sórí látinú ìwé òyìnbó, ilẹ̀ òtútù ló bá mu. Tẹ́ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ yín dáa, ẹ mi omi distilled pẹ̀lú afẹ́fẹ́ nínú ike ńlá, ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ ṣe Winkler ẹ̀. Tí ò bá sún mọ́ nọ́ńbà òkè yìí, ẹ padà sí ìpele 1.

4. BOD

Ẹ kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà. Tẹ́ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè tàbí Túsìdè, ọjọ́ márùn-ún máa bọ́ sí Sátidé tàbí Sọ́ńdè, lábù á ti tì. Wẹ́sìdè, Tọ́sìdè tàbí Fúráìdè ni kẹ́ẹ bẹ̀rẹ̀.

Omi tẹ́ẹ fẹ́ lò fún BOD, ẹ má fi kẹ́míkà kankan sí i létí odò, inú kúlà oníyìnyín ló máa lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀ láàárín wákàtí 6 tó bá ṣeé ṣe. Kẹ́ẹ tó lò ó, ẹ jẹ́ kó móoru dé 20°C, kẹ́ẹ mì ín, torí omi tútù gba ọ́síjìn ju omi tó móoru lọ, tẹ́ẹ bá dé e bẹ́ẹ̀, àpọ̀jù yẹn máa di afẹ́fẹ́ róbótó nínú ìgò.

Omi tẹ́ẹ máa fi là á: omi distilled, kẹ́ẹ fi phosphate buffer, magnesium sulphate, calcium chloride àti ferric chloride sí i, 1 mL ọ̀kọ̀ọ̀kan sí lítà kan, ẹ mì ín títí afẹ́fẹ́ fi máa kún un. Ẹ má lo omi ẹ̀rọ, chlorine inú ẹ̀ máa pa kòkòrò tó yẹ kó ṣiṣẹ́.

Ẹ là á lọ́nà mẹ́ta, ẹ má là á lọ́nà kan ṣoṣo; iye omi tẹ́ẹ bù tó máa wà nínú ìgò nìyí. Omi odò: 100%, 50%, 25%. Omi gọ́tà ilé: 1 sí 5%. Omi tó ń jáde látibi odò ẹran, tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀: 0.1 sí 1%. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tẹ́ẹ gbà là á gba ìgò méjì, ọ̀kan ẹ titrate ẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ìṣẹ́jú 30 tó kọjá, ìkejì ẹ da omi sí ọrùn ẹ̀ lẹ́yìn ìdérí, ẹ fi fóìlì bò ó, kó lọ sínú òkùnkùn ní 20°C fún ọjọ́ 5. Ẹ ṣe ìgò méjì tó jẹ́ omi tẹ́ẹ fi là á nìkan.

BOD tó kéré ju òdo, ìmọ́lẹ̀ tàbí afẹ́fẹ́ róbótó ló máa ń fà á. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé, ewéko kékeré inú omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ́síjìn.

Ọ̀rọ̀ iná wá ńkọ́? Tíná bá lọ, inú incubator á di 28, 30°C láàárín wákàtí mélòó kan, kòkòrò á yára ṣiṣẹ́, nọ́ńbà á ga. Ohun tó ń ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo máa ń to ìgò sínú kúlà tó kún fómi 20°C, kí n tó gbé kúlà náà sínú incubator, omi púpọ̀ kì í tètè gbóná, tẹmómítà á sì wà nínú ẹ̀. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì torí pé fíríìjì ló ní iná, ní 4°C kòkòrò máa sùn, kò ní sí BOD kankan. Tí 20°C ò bá ṣeé ṣe rárá, ní Íńdíà tí ooru wọn jọ tiwa, ọjọ́ 3 ní 27°C ni wọ́n ń lò. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ tọ́gàá tó ń bójú tó project yín bá fọwọ́ sí i, àmọ́ ẹ kọ ọ́ ketekete, ẹ má pè é ní BOD₅.

Lọ́jọ́ karùn-ún ẹ titrate ìgò tó kù. Ẹ yọ ti ọjọ́ karùn-ún kúrò nínú ti ọjọ́ kìíní, ẹ fi ìdá omi odò tó wà nínú ìgò pín in. Àpẹẹrẹ kan rèé: 100%, 7.3 wá sí 0.4. 50%, 8.1 wá sí 4.5. 25%, 8.4 wá sí 6.7. Àkọ́kọ́, ẹ dà á nù, ọ́síjìn tó kù ò tó 1 mg/L, kòkòrò ibẹ̀ ò rí ọ́síjìn tó láti lò mọ́. Ìkẹta náà, ẹ dà á nù, ohun tó lọ ò tó 2 mg/L. Àárín ló kù: 3.6, ẹ fi 0.5 pín in, 7.2 mg/L. Ẹ má kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kẹ́ẹ wá àárín wọn o, mo ti rí i nínú project tó ju ẹyọ kan lọ.

Àyẹ̀wò: ìgò tó jẹ́ omi tẹ́ẹ fi là á nìkan ò gbọdọ̀ pàdánù ju 0.2 mg/L lọ. Tó bá ju bẹ́ẹ̀, omi distilled yín tàbí ìgò yín ò mọ́, gbogbo nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ yẹn ò ṣeé lò.

5. Ìdọ̀tí àti ìgò

Ẹ da gbogbo omi tẹ́ẹ ti titrate sínú ike kan tẹ́ẹ kọ orúkọ sí lára, kẹ́ẹ fà á lé ẹni tó ń bójú tó kẹ́míkà lábù lọ́wọ́. Èyí tó kù nínú ìgò azide, ike tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni kó wà, kó má pàdé ásíìdì níbẹ̀. Ẹ fọ ìgò BOD, ẹ fi omi distilled ṣan án bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, torí ọṣẹ tó bá kù nínú ẹ̀ oúnjẹ kòkòrò ni, ó máa jáde nínú BOD tó ń bọ̀. Ẹ dojú wọn délẹ̀ kí wọ́n gbẹ, kí ìdérí nọ́ńbà 7 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò nọ́ńbà 7.